Bí Ilé Oyin Ṣe Ń Dòfìfo

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2006, David Hackenberg, olùsìn oyin kan láti ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, lọ wo nǹkan bí 400 àpótí oyin tó gbé sí Florida. Púpọ̀ jù lọ nínú wọn ló ti ṣófo. Oyin lílá ṣì wà nínú afárá, ìdin wà lójú afárá, ayaba sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba ọmọ oyin díẹ̀. Àwọn oyin òṣìṣẹ́ tó ń fò jáde lọ wá oúnjẹ ni a kò rí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni òkú wọn kò sí nílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn olùsìn oyin mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké irú igbe kan náà, wọ́n sì sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní Colony Collapse Disorder, ìyẹn ìdàrú tó ń wó ilé oyin, tí wọ́n gé kúrú sí CCD.

Irú òfìfo yẹn gan-an ti ṣọ̀wọ́n báyìí, àmọ́ oyin ò yéé kú. Láàárín ìgbà ooru 2024 sí ìparí ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e, àwọn olùsìn oyin ńláńlá ní Amẹ́ríkà pàdánù ju ìdajì àpótí wọn lọ. Àwọn kan ní oògùn oko ló fà á, àwọn mìíràn ní ebi, àwọn mìíràn ní àìsàn. Ti àwọn tó ń pariwo pé òpó fóònù ló ń pa oyin, kò sí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún un. Oògùn oko, ebi àti àìsàn ń pa oyin lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Ikú ilé oyin ni kòkòrò kan tó ń jẹ́ Varroa destructor.

Varroa fara jọ eégbọn. Ó pupa rúsúrúsú, ó pẹlẹbẹ bí akàn kékeré, fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà kan àti ààbọ̀. Ara oyin ilẹ̀ Éṣíà, Apis cerana, ló ń gbé tẹ́lẹ̀, oyin yẹn sì ti mọ ọgbọ́n tí yóò fi bá a gbé. Nígbà tí àwọn èèyàn kó oyin Yúróòpù, Apis mellifera, lọ sí ìlà-oòrùn Éṣíà, Varroa fò mọ́ ọn. Ní 1987, ó ti dé Amẹ́ríkà.

Ibi tó ń pamọ́ sí ló jẹ́ kí ó ṣòro láti ṣẹ́gun. Ẹyin òṣìṣẹ́ máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta kó tó di ìdin, ìdin á jẹun fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà, lẹ́yìn náà àwọn àgbà á fi ìda dé ojú afárá náà fún ọjọ́ méjìlá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 21. Bó bá ku nǹkan bí ọjọ́ kan kí wọ́n dé e, abo Varroa á yọ́ wọlé, á sì fara pamọ́ sínú oúnjẹ ìdin nísàlẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n dé e, ó yé ẹyin àkọ́kọ́, èyí tó máa ń di akọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyin abo kan ní nǹkan bí ọgbọ̀n wákàtí sí ara wọn. Akọ yẹn ló máa gun àwọn arábìnrin rẹ̀ nínú òkùnkùn ibẹ̀. Nígbà tí ọmọ oyin bá já ìda jáde, ìyá Varroa àti àwọn ọmọbìnrin tó ti gbó á bá a jáde. Àwọn tí kò tíì gbó á kú. Akọ oyin máa ń pẹ́ ju òṣìṣẹ́ lọ lábẹ́ ìda, ọjọ́ 24 ni tirẹ̀ látìgbà ẹyin, nítorí náà inú ilé akọ oyin ni Varroa ti ń bí jù. Bí ayaba bá ṣì ń yé ẹyin, iye Varroa lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi rò pé ẹ̀jẹ̀ oyin ni Varroa ń mu. Ní 2019, Samuel Ramsey, onímọ̀ nípa kòkòrò, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹran ọ̀rá tó wà nínú oyin tó ti dàgbà ló ń jẹ jù. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe kókó gan-an. Ẹran ọ̀rá náà ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ fún oyin: òun ló ń pa oró oògùn, òun ló ń tọ́jú èròjà oúnjẹ pa mọ́, òun ló sì ń gbé ogun ti àìsàn. Oyin tí Varroa ti jẹ yẹn kò ní apá tí yóò fi gba oògùn oko tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tára rẹ̀ le lè gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Varroa ń gún fáírọ́ọ̀sì sí i lára, pàápàá èyí tó ń sọ ìyẹ́ apá di rádaràda. Ẹni tó bá rí oyin tí ìyẹ́ rẹ̀ ká jọ bí ewé gbígbẹ, tó ń rá pálá níwájú àpótí, ohun tó rí nìyẹn.

Nílẹ̀ olótùútù, ìgbà òtútù ni àpótí máa ń kú, ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án ni ikú ti wọlé. Òṣìṣẹ́ ìgbà ooru kì í lò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ láyé. Àwọn tí wọ́n bí nígbà tí òtútù ń bọ̀ yàtọ̀: wọ́n ní láti sanra, kí wọ́n lè gbé oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, kí wọ́n sì mú ayaba yá títí òdòdó yóò fi là. Àsìkò yẹn gan-an ni ayaba ń dín ẹyin kù, tí Varroa sì ti pọ̀ rẹpẹtẹ, débi pé ìdin díẹ̀ tó kù ni gbogbo wọn rọ́ bò. Àwọn tó yẹ kó gbé ilé dúró di ọdún tuntun ti rù kí wọ́n tó jáde lójú afárá. Olùsìn tó bá dúró di oṣù kejìlá kó tó tọ́jú wọn ti pẹ́ jù.

Kíkà ni àbò. Àwọn olùsìn máa ń bu ìdajì ife oyin, nǹkan bí 300, láti orí afárá tí ìdin wà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí i dájú pé ayaba kò sí nínú wọn. Wọ́n á da ọtí líle sí i nínú ìgò tó ní asẹ́, wọ́n á mì ín fún ìṣẹ́jú kan, Varroa á sì jábọ́ sísàlẹ̀. Bó bá ju mẹ́sàn-án lọ, ìyẹn mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún oyin, a gbọ́dọ̀ tọ́jú wọn kíákíá. Oxalic acid, formic acid àti amitraz wà lára oògùn tí wọ́n fi ń pa Varroa. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni lílo oxalic acid nígbà tí ìdin kún inú ilé, nítorí kì í wọ abẹ́ ìda, abẹ́ ìda ni èyí tó pọ̀ jù nínú Varroa sì wà nígbà náà. Formic acid ń wọ abẹ́ ìda, àmọ́ bí ooru bá mú jù, ó lè pa ayaba. Amitraz rọrùn jù lọ, nítorí náà ni wọ́n ṣe lò ó ní àlòjù: àwọn Varroa tí ìjọba Amẹ́ríkà yẹ̀ wò lẹ́yìn àdánù ọdún 2025 ti ní agbára tó lè fi borí rẹ̀.

Ikú òde wá ńkọ́? Irú oògùn kan wà tí wọ́n ń fi bo irúgbìn, bíi clothianidin àti imidacloprid. Ó máa ń gba gbòǹgbò dé inú òdòdó. Díẹ̀ lára rẹ̀ lè má pa oyin lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ní 2008, clothianidin tí kò lẹ̀ dáadáa mọ́ irúgbìn àgbàdo fẹ́ bí eruku láti ara ẹ̀rọ ìgbìn ní Baden-Württemberg ní Jámánì, ó sì kan àpótí oyin tó lé ní 11,000. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de irú oògùn mẹ́ta bẹ́ẹ̀ lóko gbangba ní 2018.

Ebi náà wà níbẹ̀. Nínú oṣù kejì ọdọọdún, wọ́n máa ń fi ọkọ̀ ńlá kó àpótí tó ju mílíọ̀nù kan lọ sí oko álímọ́ńdì ní California, àpótí méjì fún éékà kan. (Álímọ́ńdì yìí kì í ṣe fúrúùtù tí àwọn ọmọ ń ṣà jẹ nílé ìwé.) Òdòdó náà kì í lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, lẹ́yìn rẹ̀ ilẹ̀ dá páropáro. Oúnjẹ ẹyọ kan ni gbogbo wọn jẹ, wọ́n sì ti kó àìsàn ran ara wọn.

Síbẹ̀, ẹ̀yà oyin yìí kò fẹ́ parẹ́ láyé. Iye àpótí tí èèyàn ń sìn lágbàáyé ti pọ̀ sí i, torí pé àwọn olùsìn ń pín ilé kan sí méjì, wọ́n ń ra ayaba tuntun, wọ́n sì ń fi dí èyí tó kú. Owó àti agara ni wọ́n fi ń ra iye yẹn.

Nílẹ̀ wa, Varroa ti dé, kò sì ba nǹkan jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Oyin wa, Apis mellifera adansonii, máa ń pín lemọ́lemọ́, ó ń ṣí kúrò bí ibì kan ò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó sì ń ju ìdin tó ní àrùn síta. Ní gbogbo ìgbà tó bá ṣí tàbí tó pín, ọjọ́ mélòó kan á wà tí kò ní sí ìdin fún Varroa láti bí sí. Oyin Áfíríkà tí Warwick Kerr, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Brazil, kó lọ sí Brazil ní 1956 ń ṣe irú rẹ̀ níbẹ̀ títí dòní.

Ohun tó ń pa tiwa ni iná àti oògùn. Ọlọ́dẹ oyin tó fi ògùṣọ̀ jó inú ihò igi pa ayaba, ìdin àti òṣìṣẹ́ pọ̀, nígbà tí èéfín díẹ̀ ìbá ti tó, kó gé afárá oyin lílá, kó sì fi ti ìdin sílẹ̀. Àdánù náà kò dúró lórí oyin lílá. Kí òdòdó tó so èso, lẹ́búlẹ́bú ara akọ gbọ́dọ̀ dé ara abo. Àgbàdo ń lo atẹ́gùn fún un, ìrẹsì sábà máa ń ṣe é fúnra rẹ̀, ẹ̀gẹ́ àti iṣu kò nílò oyin kí wọ́n tó ta, kòkòrò wínníwínní mìíràn ló ń ṣe ti kòkó. Àmọ́ kajú, òrí, bàrà àti ẹ̀gúsí ń fẹ́ kòkòrò tó ń ṣabẹ̀wò sí òdòdó. Akọ àti abo òdòdó ẹ̀gúsí kì í wà lójú kan náà. Bí kòkòrò kò bá gbé lẹ́búlẹ́bú láti ara akọ dé ara abo, òdòdó abo á rọ, á já bọ́, ewé á sì tutù yọ̀yọ̀ láìsí èso. Bàrà tí kòkòrò ò bẹ̀ wò tó á so, ṣùgbọ́n á wọ́.

Òwúrọ̀ ni òdòdó ẹ̀gúsí àti bàrà máa ń là, òwúrọ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń gbé ẹ̀rọ ìfinoògùn kọ́ ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá dúró títí di lẹ́yìn agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, òdòdó á ti padé, ọ̀pọ̀ oyin á ti wọlé, ọ̀pọ̀ oògùn á sì ti gbẹ sára ewé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.