Bí òkun São Tomé ṣe ń móoru, àti ibi tí ewu ti ń bá òmùwẹ̀

Láàárọ̀ ọyẹ́ ní Ìlọrin, ẹni tó bá fa omi kànga yóò rí ohun kan. Afẹ́fẹ́ ń gé e létí, ètè ti bó, síbẹ̀ omi inú garawa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi a máa pẹ́ kó tó gbóná, a sì máa pẹ́ kó tó tutù. Bí omi kànga bá lè tọ́jú ooru báyìí, ó yẹ ká ro ti òkun wò.

Erékùṣù São Tomé wà nínú òkun ní gúúsù Nàìjíríà, ìlà agbedeméjì ayé sì gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá. Nígbà tí ọ̀sán oṣù kẹta ní Ìlọrin lè lé ní 35°C, nǹkan bí 29°C ni omi ibẹ̀ máa ń wà. Kí ló dé tí oòrùn tó mú tó bẹ́ẹ̀ kò fi mú un gbóná jù báyẹn lọ?

Ìdáhùn wà lára àmù tí àwọn ìyá amọ̀kòkò ń mọ ní Dàda, l'Ókèlele ní Ìlọrin. Ẹni tó bá fọwọ́ kan àmù lọ́sàn-án gangan yóò rí i pé ara rẹ̀ tutù, ó sì ń làágùn. Omi ń yọ́ jáde lára amọ̀, atẹ́gùn ń gbé e lọ, bó sì ṣe ń lọ ló ń kó ooru omi inú dání. Ojú òkun náà ń làágùn bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣe ń gbóná sí i ni omi rẹ̀ túbọ̀ ń fẹ́ lọ sókè, ìgbì sì ń po ti òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀.

Láti oṣù kẹfà dé ìkẹsàn-án, nígbà tí òjò ń rọ̀ ní Ìlọrin, ẹ̀ẹ̀rùn ló wà ní São Tomé. Gravana ni wọ́n ń pè é. Atẹ́gùn gúúsù a máa le, omi tútù a máa ti ìsàlẹ̀ gòkè ní agbègbè ìlà agbedeméjì ayé, omi etíkun a sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 25°C. Ìyẹn ò tíì tutù, àmọ́ 37°C ni ara èèyàn, omi sì ń fa ooru kúrò lára kíákíá ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tó bá pẹ́ nínú rẹ̀ yóò gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ni ewu tó wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nínú odò Asà mọ̀ pé ọ̀nà kan ṣoṣo lodò ń ṣàn sí. Òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbì ń ti omi wá sétí iyanrìn, omi náà sì gbọ́dọ̀ padà. Á wá kóra jọ sójú kan tóóró, á sì máa ṣàn lọ sójú agbami. Ohun tó ń tan èèyàn ni pé ibẹ̀ gan-an ló máa ń dà bí ibi tó rọrùn jù: ìfófò wà lápá ọ̀tún, ó wà lápá òsì, àárín pa rọ́rọ́.

Bí omi tó ń ṣàn padà yìí bá gbé èèyàn, kó má ṣe kọjú sí etíkun máa bá a jà. Òmùwẹ̀ tó lágbára gan-an kì í borí rẹ̀. Kì í fa èèyàn rì, ńṣe ló ń gbé e lọ. Ẹ̀gbẹ́ ni kó wẹ̀ sí, kó máa bá etíkun lọ ní ìbú, títí yóò fi dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́, nítorí ìgbì tó ń fọ́ níbẹ̀ ni yóò gbé e padà sórí iyanrìn.