Bí owó ọkọ̀ òkun ṣe ń wọ inú lítà epo tí à ń rà ní Ìlọrin

Ọjà méjì ló wà nínú epo rọ̀bì. Iye tí àgbá kan jẹ́ ni rédíò máa ń kéde. Iye tí wọ́n fi ń háyà ọkọ̀ òkun tó máa gbé e kì í sábà dé inú ìròyìn, bẹ́ẹ̀ òun náà wà nínú owó tí èèyàn ń san nílé epo ní Ìlọrin tàbí Ọ̀fà. Àwọn méjèèjì kì í sì í fìgbà gbogbo rìn pọ̀. Epo lè pọ̀ lọ súà kí owó ọkọ̀ fò sókè.

Ohun tó fà á ni pé ọkọ̀ kì í pọ̀ sí i lójijì. Kí wọ́n tó kan ọkọ̀ agbépo ńlá kan tán ní Kòríà tàbí Ṣáínà, ọdún méjì sí mẹ́ta lè ti kọjá. Bíi gáréèjì Èkó ló rí nígbà tí Iléyá bá ku ọ̀la: gbogbo ọmọ Ìlọrin fẹ́ wálé, bọ́ọ̀sì kò sì fi ẹyọ kan lé sí ti àná. Epo mọ́tò kò wọ́n sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà, síbẹ̀ owó ọkọ̀ á gbẹ́nu sókè.

Oríṣi ọkọ̀ agbépo méjì ló ṣe pàtàkì níbí: VLCC, èyí tó tóbi gan-an, ń gba nǹkan bí 2,000,000 àgbá, Suezmax tó kéré sí i ń gba nǹkan bí 1,000,000. Suezmax yìí wọ́pọ̀ gan-an létíkun Nàìjíríà, ní Bonny, Forcados àti Qua Iboe. Ẹni tó fẹ́ gbé epo máa ń pe alágbàtà, á sọ ibi ìgbẹ́rù, ibi ìjáẹrù àti ọjọ́ tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dé. Alágbàtà á wo àkọsílẹ̀ ọkọ̀ tó ṣófo tó lè débẹ̀ lásìkò. Àkọsílẹ̀ yẹn gan-an ni ọjà. Tó bá gùn, ẹlépo á nájà dáadáa. Tó bá ku ọkọ̀ méjì péré, ẹnu ọlọ́kọ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Ìwé Worldscale tó ń jáde lọ́dọọdún ni wọ́n fi ń dúnàádúrà. Iye ìpìlẹ̀ tọ́ọ̀nù kan láti èbúté kan dé òmíràn ló wà níbẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní 100. Bí wọ́n bá fẹnu kò sí 60, ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni ọlọ́kọ̀ máa gbà; bó bá jẹ́ 150, ìdajì ti gorí rẹ̀.

Bí ọ̀nà ṣe jìn sí ni kókó tó yẹ kéèyàn fọkàn sí jù. Ọkọ̀ tó ń rìn fún oṣù kan kò sí lọ́jà fún oṣù kan. Ní December 2022, nítorí ogun Ukraine, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ epo rọ̀bì Rọ́ṣíà tó ń gba ojú omi wá. Epo Rọ́ṣíà tó ń fi bí ọ̀sẹ̀ kan dé Rotterdam, èbúté ńlá kan ní Yúróòpù, wá ń fi bí oṣù kan dé Íńdíà. Ayé kò lo epo jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó nílò láti gbé e pọ̀ sí i. Nígbà tí àwọn Houthi, ẹgbẹ́ ajàjàgbara kan ní Yemen, bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ọkọ̀ ní Òkun Pupa ní ìparí 2023, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fi ń yí Gúúsù Áfíríkà po, ohun kan náà ló tún ṣẹlẹ̀.

Ti ọdún 2020 ló ya ni lẹ́nu jù. Kòrónà sé ayé mọ́lé, epo kò rẹ́ni rà á, Saudi Arabia sì tún tú epo sọ́jà ní March. Èèyàn á rò pé ọlọ́kọ̀ á jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n epo tí wọ́n máa gbà lóṣù mélòó kan sí i wọ́n ju ti òní lọ fíìfíì, àwọn oníṣòwò wá ń ra epo òní, wọ́n ń háyà ọkọ̀ láti fi ṣe ilé ìpamọ́ lórí omi. Owó VLCC kọjá 200,000 dọ́là lóòjọ́. Ní April 20, epo Amẹ́ríkà já sí dọ́là 37.63 sísàlẹ̀ òdo: ẹni tó ń tà ló ń sanwó fún ẹni tó máa bá a gbé e. Ibi tí wọ́n máa rọ epo sí ló níye lórí lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé ìfọpo Dangote ní Lekki lè fọ 650,000 àgbá lóòjọ́, nítorí náà ẹrù Suezmax kan kò tó o lò fún ọjọ́ méjì. Ó ti ra epo rọ̀bì Amẹ́ríkà kún ti Nàìjíríà. Ká ní owó Suezmax láti Amẹ́ríkà fò láti mílíọ̀nù méjì dọ́là sí mílíọ̀nù márùn-ún, dọ́là mẹ́ta ló gorí àgbá kan. Lítà 159 ló wà nínú àgbá. Bí dọ́là bá jẹ́ 1,500 náírà, nǹkan bí náírà 28 ló bọ́ sórí lítà kan, kí ẹnikẹ́ni tó fi kọ́bọ̀ kan kún iye epo fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn òkun, ó ku ti orí ilẹ̀. Ọ̀pá epo tí wọ́n rì láti Atlas Cove ní Èkó gba Mósímì àti Ìbàdàn wá sí ibi ìpamọ́ epo tó wà ní Òkè-Ọ̀yì ló yẹ kó máa gbé e dé Ìlọrin, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí tánkà ti gba iṣẹ́ yẹn ṣe, gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Èyí tó ń lọ sí Òmù-Àrán tún máa san owó ọ̀nà míì lórí ti Ìlọrin.