Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Pa Púlì Dà

Láàárín oṣù yìí nìkan, èèyàn mẹ́ta ló gbé ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo. Gbogbo wọn ló ti pa púlì rẹ̀ dà, ìyẹn kẹ̀kẹ́ irin tí bẹ́líìtì ń wé mọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: “Ọ̀gá, a fẹ́ kó yá ni.”

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má tún ẹ̀rọ ṣe o. Àwa wẹ́dà náà la fi ìṣó lu páànù, tí a wé e mọ́ igi róbótó, tó di ohun tí gbogbo ilẹ̀ yìí fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ní Cornwall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ẹ̀tọ́ tí James Watt nìkan ní lórí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́ parí lọ́dún 1800, àwọn tó ń fi í fa omi kúrò nínú ihò kùsà bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Láti 1811 ni wọ́n ti ń tẹ̀wé jáde lóṣooṣù: iye èédú tí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan jẹ, iye iṣẹ́ tó ṣe. Kò tó 30 ọdún tí iṣẹ́ tí èédú kan náà ń ṣe fi lé ní ìlọ́po méjì. Ta nínú yín ló kọ iye díṣẹ̀lì tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń jẹ sílẹ̀?

Ẹ gbọ́ ti púlì yìí dáadáa. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, tí púlì rẹ̀ jẹ́ ínṣì 4, tí ti ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ jẹ́ 8, igi róbótó yẹn á yí nígbà 750. Ẹ fi ínṣì 8 sí ẹ́ńjìnnì, ó di 1,500. Eré di ìlọ́po méjì, àmọ́ agbára tó fẹ́ tú igi náà ká di ìlọ́po mẹ́rin! Ẹni tó bá ń lọ́ sípíríǹgì gọ́fánọ̀, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí eré ẹ́ńjìnnì pọ̀ jù, fún yín kí eré lè pọ̀ sí i, kò kọ́ṣẹ́. Bó bá sì fọ́, ẹ má pa adìẹ, ẹ má ní ayé ló ń bá yín jà. Púlì ni.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ màmá kan tó ń ṣe gàárì lọ́nà Ìkìrun pa púlì dà lálẹ́ Sátidé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, igi náà já, ó gba ìbòrí fò jáde, ó sì lu ògiri ní ibi tí àyà èèyàn máa ń dé. Ọmọbìnrin tó ń ti ẹ̀gẹ́ wọlé ṣẹ̀ṣẹ̀ yà lọ bu omi ni. Nígbà tí mo débẹ̀, ife ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń dànù nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ fi dúró. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó jẹrà sílẹ̀. Wọ́n ní kí n dá púlì àtijọ́ padà. Ọmọ màmá náà ti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.