Bí àṣẹ láti mú pápákọ̀ òfuurufú Heathrow gbòòrò ṣe ń jáde

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ Terminal 5 sí pápákọ̀ òfuurufú Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ 524 ni wọ́n fi jókòó gbọ́ tẹnu aráàlú, láàárín 1995 sí 1999. Ọdún 2001 ni àṣẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Lára ohun tó fa gbogbo ìyẹn ni pé wọ́n da ìbéèrè méjì pọ̀ mọ́ra wọn: ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí pápákọ̀ náà tóbi sí i, àti pé tó bá yẹ, báwo ni kí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Òfin tó ń jẹ́ Planning Act, tí wọ́n ṣe ní 2008, ló ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́, nínú ìwé ìlànà tí wọ́n ń pè ní National Policy Statement. Mínísítà ètò ìrìnnà á kọ àbá rẹ̀, aráàlú á sọ tẹnu wọn, ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin á tú u wò, lẹ́yìn náà ni ìbò. Ti Heathrow bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí Sir Howard Davies darí, èyí tó dábàá ní 2015 pé kí wọ́n la ojú ọ̀nà bàálù kẹta síbẹ̀, kí wọ́n má ṣe é sí Gatwick, pápákọ̀ òfuurufú mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2018, aṣojú-ṣòfin 415 fọwọ́ sí i, 119 sì kọ̀.

Ìwé náà ṣe pàtó. Ojú ọ̀nà náà kò gbọdọ̀ kúrú ju mítà 3,500 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ lè gba ìgbéra àti ìbalẹ̀ bàálù 260,000 sí i lọ́dún, lórí 480,000 tí wọn ò gbà kí Heathrow kọjá. Fún wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ lóru, bàálù kankan kò gbọdọ̀ sí nínú ètò ìrìnnà. Àwọn tó ń gbé nínú ilé ara wọn tí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ wọn ní Longford, Harmondsworth àti agbègbè wọn á gba iye tí ilé wọn tó lọ́jà, pẹ̀lú ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀. Owó yẹn kò kéré, ṣùgbọ́n kò sí iye tí wọ́n lè kà fún ọ̀pọ̀ ọdún téèyàn fi ń gbé inú ilé tí kò mọ̀ bóyá wọ́n á wó.

Síbẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó lè gbẹ́ ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ ọ ṣì máa béèrè ìwé àṣẹ tó ń jẹ́ Development Consent Order. Planning Inspectorate, àjọ ìjọba tó ń yẹ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wò, ní ọjọ́ 28 láti gbà á wọlé. Àwọn olùyẹ̀wò kò gbọdọ̀ lò ju oṣù mẹ́fà lọ lórí rẹ̀, oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní láti kọ àbájáde, mínísítà náà sì ní oṣù mẹ́ta láti pinnu.

Ibí yìí ló yẹ kí gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn ṣọ́ra. Òfin gba àwọn olùyẹ̀wò láyè láti pa àríyànjiyàn lórí ìlànà ìjọba tì. Ẹni tó bá dé lọ́jọ́ yẹn láti sọ pé a ò nílò ojú ọ̀nà kẹta, ọjà ti tú kó tó dé. Ariwo, afẹ́fẹ́, ọkọ̀ ojú pópó, ìwọ̀nyí ló kù tó lè bá wọn jiyàn lé lórí. Mínísítà pàápàá gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìwé ìlànà náà, àfi tí ó bá máa tako òfin tàbí tí ìpalára rẹ̀ bá ju àǹfààní rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ pe ìwé ìlànà náà lẹ́jọ́. Ní oṣù Kejì 2020, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ìjọba lẹ́bi pé kò ka Àdéhùn Paris lórí ojú ọjọ́ sí. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ da ìdájọ́ náà nù, ìwé náà sì tún múlẹ̀.

Ní oṣù Kìíní 2025, Rachel Reeves, mínísítà ètò ìnáwó, kéde pé ìjọba tuntun fara mọ́ ojú ọ̀nà kẹta, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé 2018 náà yẹ̀ wò. Ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé, ojú ọjọ́, ariwo àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n ní àwọn á fi díwọ̀n rẹ̀. Àkókò àtúnyẹ̀wò yìí ni ìbéèrè àkọ́kọ́ fi ṣí sílẹ̀.