Bí fídíò ṣe di ohun tí clé kékeré lè gbé

Ní Kétu, bí ẹ bá fi kámẹ́rà gba Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ tán, tí ẹ fẹ́ kó fídíò náà jáde nínú kọ̀ǹpútà, ó máa bi yín ní ìbéèrè: H.264 ni àbí HEVC? Bitrate mélòó? H.264 àti HEVC jẹ́ codec, ìyẹn ọ̀nà tí à ń gbà dín ìwúwo fídíò kù; bitrate ni iye bítì tí à ń fún fídíò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ tí mo ti kọ́ níṣẹ́ fídíò ló máa ń tẹ èyí tó bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ń dùn mí, nítorí ìbéèrè yẹn ní ìtàn, ẹni tó bá sì gbọ́ ìtàn náà á mọ èsì tó yẹ kó fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ẹrù náà ṣe wúwo tó. Àwòrán kan nínú fídíò 1080p ní ẹyọ àmì 1920 ní ìbú, ó ní 1080 lóròó, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì ń gba báìtì 3 fún àwọ̀ rẹ̀. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ 25 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá tọ́jú gbogbo rẹ̀ láìdín in kù, ìṣẹ́jú kan ṣoṣo á lé ní 9 GB. Clé USB 32 GB á ti kún kí Ẹlẹ́fẹ̀ tó júbà tán.

Nasir Ahmed, ọmọ Íńdíà tó ń ṣe olùkọ́ ní Kansas State University ní Amẹ́ríkà, ló rí ojútùú tó ṣe kókó jù. Ní 1972, ó tọrọ owó ìwádìí lọ́wọ́ National Science Foundation, wọn ò fún un. Kò torí ìyẹn pa iṣẹ́ náà tì. Òun, T. Natarajan àti K. R. Rao tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù kìíní 1974, wọ́n pè é ní DCT. Wọ́n á gé àwòrán sí àwọn ègé kéékèèké onígun mẹ́rin. Dípò kí wọ́n kọ àwọ̀ ẹyọ àmì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, bí àwọ̀ ṣe ń yí padà nínú ègé náà ni wọ́n ń kọ. Ìyípadà tó ń rọra lọ ni ojú wa ń rí dáadáa, èyí tó wẹ́ jù kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, ibẹ̀ ni a ti lè jù púpọ̀ nù.

Ọgbọ́n kejì ni pé àwòrán tó tẹ̀ lé ara wọn máa ń jọra. Ohun tó yí padà nìkan ni ká kọ, àti ibi tó ṣí lọ. Ní 1988, codec kan tí wọ́n ń pè ní H.261 so ọgbọ́n méjèèjì pọ̀ nítorí ìpè tẹlifóònù tó ní àwòrán. Lọ́dún yẹn kan náà ni Leonardo Chiariglione àti Hiroshi Yasuda dá ẹgbẹ́ MPEG sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni fídíò tó máa wọnú CD, tí kò ní ju nǹkan bí mẹ́gábíìtì 1.5 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. MPEG-1 àti VCD ló ti ibẹ̀ jáde ní 1993. Àwa náà mọ VCD: fíìmù Yorùbá tó ń ti Èkó wá, tí wọ́n kọ “Apá Kìíní” àti “Apá Kejì” sí lára. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 ni àwo kan ń gbà, ìdí nìyẹn tí fíìmù kan fi máa ń jẹ́ àwo méjì.

MPEG-2 gbé DVD wá. Lẹ́yìn náà ni H.264 dé ní 2003, èyí tí mo ṣì ń lò títí di òní. Bí mo bá fún un ní mẹ́gábíìtì 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 60 MB ni ìṣẹ́jú kan ń jẹ́. Ẹ fi wé 9 GB tí mo sọ lókè.

HEVC ti 2013 lè fi nǹkan bí ìdajì ìyẹn ṣe iṣẹ́ kan náà, codec mìíràn, AV1, sì dé ní 2018. Ṣùgbọ́n mo ti fi HEVC kó fídíò ìgbéyàwó kan jáde fún ẹbí kan ní Àjàṣẹ́ rí. Ohùn ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n wọn, àwòrán ò jáde. Ìyá ìyàwó pè mí ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sì tún un ṣe ní H.264 kí ilẹ̀ tó mọ́.

Codec nìkan kọ́ o. Bí àgbà bá jókòó tó ń súre, mẹ́gábíìtì 4 tó. Ẹ wá fi 4 yẹn gba oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́: bó ṣe ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, tí irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún, tí aṣọ tí wọ́n dì mọ́ ọn ń fò sókè, ẹ̀ẹ́ rí i tí aṣọ náà ń fọ́ sí ègé onígun mẹ́rin. Àwọn ègé tí wọ́n gé àwòrán sí náà nìyẹn, bítì tó yẹ kó kún wọn ni kò tó. Òru tún le jù, nítorí èérún tí kámẹ́rà ń yọ nínú òkùnkùn kì í rí bákan náà láti àwòrán kan sí èkejì, ọgbọ́n kejì ò rí nǹkan mú níbẹ̀. Mẹ́gábíìtì 8 ni mo ń fún ijó ọ̀sán, mo ń fún òru Ẹ̀fẹ̀ ní 12.

Ìṣirò rẹ̀ ò le: ẹ fi 8 pín bitrate, torí bítì 8 ló wà nínú báìtì kan, kí ẹ fi iye ìṣẹ́jú àáyá sọ ọ́ di púpọ̀. Wákàtí kan ijó ọ̀sán jẹ́ 3.6 GB, ti òru jẹ́ 5.4 GB. Clé tí wọ́n fi FAT32, ìlànà kan tí wọ́n fi ń to fáìlì, ṣe kì í gba fáìlì tó bá ti tó 4 GB. Torí náà mo máa ń gé fídíò òru sí méjì, mo sì ń kọ ọ́ sára fáìlì bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára àwo nígbà náà: Apá Kìíní, Apá Kejì.