Mátè Nílé: Ife, Asẹ́ àti Omi Tí Kò Hó

Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ń bi mí jù, tí wọ́n bá ti ra ewé yerba mate lọ́wọ́ mi, ni ibi tí wọ́n ti máa rí igbá kékeré àti ọ̀pá ìfàmu onírin tí wọ́n rí lọ́wọ́ àwọn ará Ajẹntínà nínú fídíò. Ìdáhùn mi kì í yí padà: ẹ lè máa mu mátè láti ọdún dé ọdún láìní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Kì í ṣe àìsí irinṣẹ́ ló ń ba mátè jẹ́ nílé ọ̀pọ̀ èèyàn. Omi tó gbóná jù ni.

Ewé igi ni mátè. Ilex paraguariensis ni àwọn onímọ̀ ń pe igi náà, Paragúáì, àríwá ìlà-oòrùn Ajẹntínà àti gúúsù Bùràsíìlì ló sì ti ń hù. Àwọn ẹ̀yà Guaraní ti ń mu ún kí àwọn ará Sípéènì tó dé ilẹ̀ wọn. Àwọn àlùfáà Jesuit ló wá sọ ọ́ di oko ńlá, títí ọba Sípéènì fi lé wọn kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1767. Tí wọ́n bá ti já ewé náà, wọ́n á tètè fi ra iná kó má bàa dúdú, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Káfíìnì wà nínú rẹ̀, theobromine, èròjà kan tó jọ ọ́, náà sì wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ló wà nínú obì, nítorí náà ẹni tó bá mọ ohun tí obì àṣálẹ́ ń fi ojú rẹ̀ ṣe ti mọ ìgbà tó yẹ kó gbé ife mátè sílẹ̀.

Ẹ wo ara páálí kí ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n kọ "con palo" sí ní igi wẹ́wẹ́ nínú, ó sì rọ̀ lẹ́nu ju èyí tó jẹ́ ewé nìkan lọ. Òun ni mo máa ń fún ẹni tí kò mu ún rí. Mátè àwọn ará gúúsù Bùràsíìlì, tí wọ́n ń pè ní chimarrão, dára púpọ̀, ó tutù yọ̀yọ̀ lójú, ṣùgbọ́n ó kúnná bí ìyẹ̀fun débi pé asẹ́ lásán kò lè dá a dúró. Tí ẹ kò bá ní ọ̀pá ìfàmu rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Ó wá ku omi. Ẹni tó ń ro ẹ̀bà mọ̀ pé omi tí kò hó kò ṣe é rò, ọwọ́ yẹn náà la máa ń gbé lọ sí ìdí mátè, ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́. Omi tó ń hó yaya máa ń fa gbogbo ìkorò ewé náà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò sì ní mọ adùn kankan mọ́. Ooru tó yẹ ẹ́ kò ju 70 sí 80 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ má tìtorí ìyẹn lọ ra òṣùwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí omi hó dáadáa, kí ẹ bu ife méjì nínú rẹ̀ sínú jọ́ọ̀gì, kí ẹ wá da ife kan omi mímu tó wà nílẹ̀ lásán mọ́ ọn, ìbáà ṣe omi inú ọ̀rá tàbí omi tí ẹ ti sè tó ti tutù. Méjì tó jẹ́ 100, ọ̀kan tó jẹ́ nǹkan bí 28 nínú ilé tiwa níbí: tí ẹ bá ro wọ́n pọ̀ tí ẹ sì pín in sí mẹ́ta, 76 ni. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lásìkò òtútù, tí omi ẹ̀rọ wọn tutù nini, kí wọ́n lo ife mẹ́ta omi híhó sí ọ̀kan. Ọ̀nà yìí kì í já mi kulẹ̀, ó sì dára ju kí èèyàn dúró ti kẹ́tù kó máa tẹ́tí sí ìró omi.

Ohun kan wà tí mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fò. Kí omi gbígbóná tó kan ewé náà, ẹ wọ́n omi tútù sí i, kó kàn rin gbogbo ara rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú méjì. Ewé gbígbẹ máa ń mu omi àkọ́kọ́ tó bá rí. Tó bá jẹ́ èyí tó tutù ló kọ́kọ́ mu, ooru tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní lè jó o, eruku ewé náà á sì so mọ́ra dípò kó máa léfòó kiri inú ife.

Fún ife kan tó gba nǹkan bí 250 mílílítà, ṣíbí ìjẹun kan tó kún dáadáa tó. Ẹ rin ewé náà, ẹ da omi yín sí i, ẹ fi àwo kékeré dé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sẹ́ ẹ sínú ife mìíràn. Asẹ́ tíì olójú wẹ́wẹ́ ló dára jù. Ẹni tí kò bá ní, aṣọ funfun irú èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì á ṣe é, àmọ́ kó jẹ́ tuntun tí kò kan ògì rí, nítorí òórùn kíkan kì í tán lára aṣọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má da ewé náà nù, ó ṣì lè gba omi lẹ́ẹ̀mejì sí i. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́ bá a, ẹ dà á nù, ewé tútù tètè ń bu.

Àwọn kan á sọ fún yín pé ohun tí a kò fi igbá mu kì í ṣe mátè. Ajẹntínà fúnra rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Mate cocido wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń sè nínú ìkòkò, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń mu pẹ̀lú búrẹ́dì. Tí omi bá ti fẹ́ hó, ẹ da ewé sí i. Bí ìfófòó bá ti ń gòkè, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kíá, kí ẹ wọ́n omi tútù díẹ̀ sí i kí ewé náà lè rì sísàlẹ̀, kí ẹ wá sẹ́ ẹ. Ó máa ń korò díẹ̀ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bu ṣúgà àti mílíìkì sí i. Ẹni tó bá fẹ́ràn tíì onímílíìkì láàárọ̀ kò ní rí ẹ̀sùn kankan fi kàn án.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí pé níbo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, omi tútù ni màá sọ. Àwọn ará Paragúáì ló ni èyí, tereré lorúkọ rẹ̀, àjọ UNESCO sì kọ àṣà náà sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2020. Wọ́n máa ń gún oríṣiríṣi ewé sínú omi rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni kapi'i cedrón, tí kì í ṣe nǹkan mìíràn bí kò ṣe koóko ọba, ewé tíì ẹ̀yìnkùlé wa. Ẹ bu ṣíbí ìjẹun mẹ́rin mátè sínú lítà omi kan, ẹ rún koóko ọba bíi mélòó kan sí i, ẹ gbé e sínú fíríìjì di òwúrọ̀, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Omi tútù kì í lágbára láti fa ìkorò jáde, nítorí náà kò sí bí ẹ ṣe lè bà á jẹ́. Ní etíkun Rio de Janeiro, mátè yíyan tó tutù ni wọ́n ń tà fún àwọn tó ń yáàrùn, wọ́n sì máa ń lú u pọ̀ mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́.

Tí igbá náà bá ṣì ń wù yín, èso Lagenaria siceraria ni wọ́n fi ń ṣe é, ohun ọ̀gbìn kan náà tó ń fún wa ní kèrègbè ẹmu. Ahá kékeré tí wọn kò kun lọ́dà á ṣe é. Ẹ fi mátè rírin kún inú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ há a mọ́, kó sì gbẹ kí ẹ tó lò ó.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí. Ní ọdún 2016, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ sọ pé ó ṣeé ṣe gan-an kí ohun mímu tí ooru rẹ̀ ju 65 lọ máa fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Ooru ni wọ́n ń sọ. Mátè tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀ kò sí lára ohun tí wọ́n dá lẹ́bi. Omi 76 tí a dé fún ìṣẹ́jú márùn-ún ṣì lè ju 65 lọ, nítorí náà tí ẹ bá ti sẹ́ ẹ tán, ẹ ṣí i sílẹ̀ títí ẹ ó fi lè mu ún láìfẹ́ atẹ́gùn sí i. Mátè tún máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba èròjà áyọ́ọ̀nù inú oúnjẹ, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ tàbí lẹ́yìn oògùn ẹ̀jẹ̀. Kí aláboyún, ẹni tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa ń sáré kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ nítorí káfíìnì.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú páálí, ẹ dà á sínú agolo tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e jìnnà sí iná ìdáná, sí oòrùn, àti sí irú pẹ̀lú àlùbọ́sà. Ewé mátè máa ń gba òórùn ohunkóhun tó bá sún mọ́ ọn.