Ṣé lóòótọ́ ni pé ìsàlẹ̀ òkè ló dáa jù láti sùn tẹ́ ẹ bá lọ sí Orvieto?

Kò sígbà tẹ́nì kan máa ní òun fẹ́ lọ sí Orvieto ní Ítálì tí wọn ò ní fún un ní ìmọ̀ràn kan náà: "Má lọ gba yàrá lórí òkè o, ẹsẹ̀ á pa ẹ́, ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó rélùwéè ni kó o dé sí, ó pọ́ọ́kú, ó sì súnmọ́ ọkọ̀." Èmi náà gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ó jọ ọ̀rọ̀ àgbà lóòótọ́, àmọ́ fún ẹni tó fẹ́ lo ọjọ́ méjì mẹ́ta níbẹ̀, tí ò sì ní mọ́tò, irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ìlú yẹn ṣe rí ná. Àárín Róòmù àti Florence ló wà, tẹ́ ẹ bá wọ rélùwéè tó ń dúró káàkiri láti Róòmù, wákàtí kan lé díẹ̀ lẹ ó fi débẹ̀. Ibi tó máa já yín sí ni wọ́n ń pè ní Orvieto Scalo, ìsàlẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá gbójú sókè, ẹ ó rí òkúta ràgàjì kan tí òkè ayọnáyèéfín ti tú sílẹ̀ láyé ọjọ́un, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dúró gbagidi bí ògiri, orí ẹ̀ ni ìlú gan-an jókòó sí. Ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń ba èèyàn. Wọ́n á wo òkúta, wọ́n á wo báàgì tí wọ́n ń fà, wọ́n á ní kí ni mo wá dé ibí.

Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ gùn ún jàre. Ẹ ṣáà sọdá títì iwájú ibùdó rélùwéè, ẹ ó rí funicolare, ọkọ̀ tí okùn irin ń fà gòkè, ìṣẹ́jú díẹ̀ báyìí ó ti gbé yín dé Piazza Cahen lókè. Ọdún 1888 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ti ìgbà yẹn ò sì lo iná rárá, omi ni wọ́n ń rọ sínú èyí tó wà lókè, ìwúwo omi yẹn á mú un sọ̀kalẹ̀, bó ṣe ń sọ̀ ló ń fa ìkejì ẹ̀ bọ̀ lókè (mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gan-an). Wọ́n tì í pa ní 1970, ó wá padà dé gẹ́gẹ́ bí oníná ní 1990.

Àwọn ará ibẹ̀ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọgbọ́n sí gígùn àti sísọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Piazza Cahen yẹn náà ni kànga kan wà, Pozzo di San Patrizio. Nígbà tí wọ́n kó ìlú Róòmù lọ́dún 1527, Póòpù Clement Keje sá wá sí Orvieto, ẹ̀rù ń bà á pé tí ọ̀tá bá dó ti ìlú, òǹgbẹ ló máa pa àwọn, ló bá ní kí wọ́n gbẹ́ kànga. Ó jìn tó mítà 53, àtẹ̀gùn méjì ló lọ́ mọ́ra wọn nínú ẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan ní ìgbésẹ̀ 248, kí ìbaaka tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ pọnmi má bàa pàdé èyí tó ti rù ú bọ̀ lókè. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ìlú tó ro ti ìbaaka tó báyẹn, ṣé ó máa gbàgbé àlejò tó ń fa báàgì ni?

Tẹ́ ẹ bá sì ti dókè báyìí, ìyàlẹ́nu míì tún wà ńbẹ̀, ìlú náà tẹ́jú. Kò tẹ́ bíi tábìlì o, àmọ́ kì í ṣe gígùn-sísọ̀ gígùn-sísọ̀ táwọn èèyàn ń rò. Látọ̀dọ̀ Piazza Cahen títí dé Duomo, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lọ́dún 1290, bí ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, bọ́ọ̀sì kékeré sì wà fún ẹni tí ò bá fẹ́ rìn.

Ohun tó ń tan èèyàn jù ni máàpù orí fóònù. Ẹ ó rí hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ sí i pé kò ju báyìí báyìí lọ sí Duomo, ẹ ó sì rò pé ẹ ti rí ẹ̀dínwó, láìmọ̀ pé bí ẹyẹ ṣe ń fò ni wọ́n fi wọn ọ̀nà yẹn, àti pé òkúta tó dúró bí ògiri ló wà láàárín ẹ̀yin àti Duomo. Àwọn míì tiẹ̀ kọ Orvieto gàdàgbà sórí ilé tó wà nínú oko, tó jẹ́ pé ẹni tí ò bá ní mọ́tò ò lè débẹ̀. Ó sì ń mú àwọn èèyàn wa gan-an, torí ẹni tó ń fi páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gba físà Schengen gbọ́dọ̀ fi ibi tó máa sùn hàn wọ́n, ìdí nìyẹn tá a fi máa ń sáré gba èyí tó bá ti pọ́ọ́kú jù láìwo ibi tó wà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló dé sí. Ọ̀sán dáa fún un, àmọ́ lálẹ́ tó jẹun tán, tó ní kóun wọ ọkọ̀ okùn sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti tì í, torí kì í ṣiṣẹ́ wọ òru. Owó táàsì alẹ́ méjì yẹn gbé gbogbo owó tó lóun fi pamọ́ mì. Ohun tó sì dùn ún jù ni pé ìrọ̀lẹ́ ni ìlú yẹn ń dùn, ìgbà táwọn tó wá fún ọjọ́ kan ṣoṣo bá ti wọ rélùwéè padà sí Róòmù, tí oòrùn tó ń wọ̀ bá wá bọ́ sójú Duomo, tí àwọn àwòrán oníwúrà ara ẹ̀ bá ń kọ mànà. Ẹni tó ń ronú ọkọ̀ tó máa gbé e sọ̀kalẹ̀ ò lè fara balẹ̀ wo ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò wá ni tiẹ̀. Àwọn kan máa ní "màá háyà mọ́tò ni, màá wà á dé ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì lókè." Ẹ rọra o. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní ZTL wà níbẹ̀, mọ́tò tí ò bá gba àṣẹ ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, kámẹ́rà ló ń ṣọ́ ọ, ó máa ka nọ́ńbà mọ́tò yín, ẹ ó ti padà sílé kí ìwé fáìnì tó dé, ẹni tẹ́ ẹ háyà lọ́wọ́ ẹ̀ sì lè gba owó tiẹ̀ lé e. Fóònù ò ní kìlọ̀ fún yín, òun gan-an lè mú yín wọbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní mọ́tò, páàkì Campo della Fiera ni kẹ́ ẹ lọ, lífítì àti àtẹ̀gùn tó ń fúnra ẹ̀ gòkè wà níbẹ̀ tó máa gbé yín wọ ìlú.

Èmi ò ní kí gbogbo èèyàn lọ sùn lókè ṣá. Ẹni tó fẹ́ wa mọ́tò káàkiri abúlé, tàbí tó fẹ́ wọ rélùwéè ìdájí, ìsàlẹ̀ dáa fún un. Kì í sì í ṣe gbogbo ìlú orí òkè ló rí bákan náà. Assisi, tí ọ̀pọ̀ Kátólíìkì wa ń lọ, ẹ̀gbẹ́ òkè ló wà, gbogbo títì ẹ̀ ló dagun, ibùdó rélùwéè ẹ̀ sì jìnnà sílùú, bọ́ọ̀sì lẹ ó wọ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè sùn sí Santa Maria degli Angeli nísàlẹ̀ níbẹ̀, mi ò ní bá a jà.

Tẹ́ ẹ bá wá gba ti òkè ní Orvieto, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "yàrá tó kọjú sí Duomo" gbowó lọ́wọ́ yín. Ère bàbà kan wà lórí ilé ìṣọ́ nítòsí ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Maurizio, òun ló ń lu agogo láti sọ aago fáwọn èèyàn, kò sì mọ̀ pé ẹ fẹ́ sùn. Apá Piazza Cahen ni mo máa gbà ní tèmi, torí báàgì. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n léèrè àjà kelòó ni yàrá wà àti bóyá lífítì wà, torí ilé àtijọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, àtẹ̀gùn inú ilé lè jẹ yín níyà ju òkè fúnra ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá gba páàsípọ́ọ̀tù yín wò, ẹ má jáyà, òfin ló ní kí wọ́n fi orúkọ àlejò ránṣẹ́ sọ́lọ́pàá. Ẹ tọ́jú yúrò díẹ̀ sápò náà, owó orí àlejò wà tí wọ́n máa ń gbà ní iye alẹ́ tẹ́ ẹ bá sùn, kì í sábà sí nínú iye tẹ́ ẹ rí lórí fóònù.